Òpó Àsíá

"Tún un gbẹ́ síbòmíì!" ni olóyè erékùṣù náà pàṣẹ, nígbà tí omi òkun sun sínú ihò kẹta.

"Bàbá, ibòmíì dà?" Hamuelu tó ń gbẹ́lẹ̀ bi í. "Ẹ bẹ́ sọ́tùn-ún, òkun ni, ẹ bẹ́ sósì, òkun náà ni."

"Òní la ó dìbò kúrò lábẹ́ Niu Silandi! Ṣé orí mi ni n ó ri òpó àsíá wa mọ́ ni?"

"Orí yín ló kúkú ga jù ní Tokelau wa yìí. Àmọ́ Bàbá, bí òkun bá bo ilẹ̀ wa, ṣebí Niu Silandi náà la ó sá lọ?"

"Ojo!"

Olóyè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu ẹrẹ̀ inú ihò náà, ó fi ẹnu tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ni. Ó kọjá sínú gbọ̀ngàn ìbò, nítorí olóyè ní í dìbò kẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n kà á tán, ìbò kan péré ni kò jẹ́ kí òmìnira wọlé.

"Ta ni ọ̀dàlẹ̀ yìí?" olóyè bú ramúramù.

Lupe tó ń ka ìbò gbé ìwé "Rárá" kan sókè. Ẹrẹ̀ tó wà lára ìwé náà kò tíì gbẹ.

Olóyè rọra kó ọwọ́ sẹ́yìn.