Agogo Ìgbìmọ̀ Ilé-Ẹ̀kọ́

"Ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n, èmi nìkan!" Tíṣà Dufresne di gbohùngbohùn mú bí ẹni fẹ́ fún un lọ́rùn. "Lánàá, bí mo ṣe ń nu ẹ̀jẹ̀ imú ọ̀kan, òmíràn já síta sínú yìnyín láìwọ bàtà. Ẹ gba olùrànlọ́wọ́ kan péré fún mi, ẹ jọ̀ọ́!"

Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọmọ ìgbìmọ̀ ò lè jókòó jẹ́ẹ́. Òun àti tíṣà yìí ni wọ́n jọ kanlẹ̀kùn tọrọ ìbò kiri ìlú kó tó wọlé ìbò. Ọdún méjì lòun náà fi dúró nídìí gbohùngbohùn yẹn, tó ń bẹ̀bẹ̀ nítorí ọmọ rẹ̀, tí Ọ̀gbẹ́ni Haugen tó jókòó tì í báyìí sì ń fi agogo gé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Obìnrin náà ti pe Haugen ní ọ̀dájú lójú gbogbo ayé nígbà náà.

Ó lanu, ó fẹ́ fèsì. Haugen fọwọ́ kàn án.

"A kì í dá ará ìlú lóhùn níbí, ìyáàfin. Òfin ni."

"Ta ni yóò wá dá a lóhùn?"

Haugen rọra ti agogo síwájú obìnrin náà. "Ẹni tó bá dé kẹ́yìn ló ń lù ú; látìgbà tí mo ti dé, ẹlòmíràn ò wọlé títí ẹ fi dé. Àkókò tíṣà ti pé."

"Ẹ̀yin ò tiẹ̀ lójú àánú!"

"Ọmọ tèmi náà wà ní kíláàsì yẹn nígbà tí mo díje fún ipò yìí," Haugen sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ó ti hu irùngbọ̀n báyìí."

Tíṣà ṣì ń wo ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀ nígbà tí agogo dún lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ náà.