Òṣùká Inú Gíláàsì

Mọ́mì dúró síwájú gíláàsì náà, wọ́n káwọ́ lérí.

"Olúwatọ́mi, ṣé òṣùká nìyí àbí ojú mi ni?"

"Òṣùká ni, Mà."

Táwẹ̀lì funfun kan ni, tí wọ́n ká roboto bí èyí tí a fi ń ru omi nílé. Gálárì iṣẹ́ ọnà ńlá kan ní Houston ló fi í sínú gíláàsì, tí wọ́n tan iná sí i lórí.

Mọ́mì rí iye tí wọ́n kọ sí i.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án dọ́là! Ṣé orí àwọn èèyàn yìí pé ṣá?"

Mo ní kí wọ́n rọra. Òyìnbó tó fẹ́ rà á ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yẹn.

"Kí n rọra kẹ̀? Ọ̀lẹ wo ló ká nǹkan yìí? Ó tiẹ̀ wọ́ sápá kan!"

Mo bá wọn yọ awò ojú wọn nínú báàgì, mo ní kí wọ́n ka orúkọ tó wà nísàlẹ̀.

Wọ́n kà á. Wọ́n tún un kà.

Orúkọ wọn ni.

Òṣùká yẹn ni Mọ́mì fi ru kúlà ìrẹsì wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Alief lóṣù tó kọjá. Inú mọ́tò mi ni wọ́n gbàgbé ẹ̀ sí. Bí mo ṣe bá a ni mo ṣe gbé e wá fún gálárì náà.

Mọ́mì nàró. Wọ́n wo òyìnbó náà láti orí dé ẹsẹ̀.

"Tọ́mi, sọ fún un kó fowó lé e."