Bébà Tí Birame Buwọ́ Lù

Gbogbo Dakar ló ń fi àwòrán mi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀dà pupa ni mo kàn dà sára aṣọ funfun, mo sì gbé e kọ́ sí gbọ̀ngàn ìpàtẹ àwòrán. Mo wá gbé bébà àti gègé síwájú rẹ̀: "Ẹ kọ èrò yín."

Birame Sarr wọlé. Òun ló ń ṣe lámèyítọ́ iṣẹ́ ọnà nínú ìwé ìròyìn.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Seynabou, àbúrò mi, ṣé ewúrẹ́ ló da ọ̀dà yìí nù ni?"

Àwọn èrò ìwòran náà ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó kọ ọ́ kún ojú bébà, ó sì buwọ́ lù ú.

Mo dúpẹ́. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Mo wá yọ lẹ́tà kan nínú báàgì mi, mo lẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà aláìlórúkọ ni, tó purọ́ mọ́ Maguette ẹ̀gbọ́n mi pé ó ń jí àwòrán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tà. Nítorí rẹ̀ ni ilé ìwé fi lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí Birame sì gba ipò rẹ̀.

Ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà ni.

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Àwọn èèyàn ń na fóònù sókè.

"Àbúrò mi, jẹ́ ká lọ sọ ọ́ níta."

"Rárá o. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ba àwòrán yẹn jẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín ò ní lè dúró jẹ́ẹ́."