Wáyà Àtijọ́ Ilé Bàbá Múráínà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fetí sí mi. Ní ìlú Ìwó, ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan wà tí oníkòkó kan kọ́ láyé àtijọ́. Òun ló kọ́kọ́ fa iná mànàmáná wọlé ní àdúgbò náà. Nígbà tó kú, ọmọ rẹ̀, Bàbá Múráínà, ló jogún ilé náà. Èèyàn dáadáa ni bàbá yìí, ṣùgbọ́n ó ní agídí. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kó tún nǹkan kan ṣe nínú ilé náà, lójú tirẹ̀, onítọ̀hún ń bú bàbá rẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ kan, ó ra fìríísà ńlá kan fún ìyàwó rẹ̀, Ìyá Sífáwù, kó lè máa fi ta omi tútù. Ó ránṣẹ́ pe Sàlámátù, obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ iná ládùúgbò, pé kó wá so ó mọ́ iná. Sàlámátù tú ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri. Bó ṣe fọwọ́ kan wáyà inú rẹ̀ báyìí, rọ́bà ara wáyà náà ń rún wómúwómú bí èèpo ẹ̀pà. Ó gun orí àjà lọ yẹ ibẹ̀ wò. Bákan náà ni.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè so ó. Gbogbo wáyà ilé yìí ló ti gbó. Ó yẹ ká pààrọ̀ wọn."

Ojú bàbá pọ́n. "Ìwọ ọmọ àná! Kí wọ́n tó bí bàbá rẹ ni iná ti ń tàn nínú ilé yìí!"

"Òótọ́ ni, bàbá. Àwọn wáyà náà ti ṣiṣẹ́ wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n gílóòbù mélòó kan àti rédíò ni wọ́n fà wọ́n fún. Wọn ò lè gbé fìríísà."

Bàbá ní òun yóò sọ owó iṣẹ́ náà di ìlọ́po méjì. Sàlámátù kọ̀, bẹ́ẹ̀ kò tíì ríṣẹ́ mìíràn ṣe láti òwúrọ̀. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sápò. Ṣùgbọ́n kó tó lọ, ó mú Ìyá Sífáwù lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó fi súìsì ńlá tó ń já iná gbogbo ilé hàn án. "Màmá, bí ẹ bá gbóòórùn wáyà tó ń jó, èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ fà wálẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da omi sí i kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀."

Bàbá pe oníṣẹ́ mìíràn, ìyẹn sì so fìríísà náà láìbéèrè ohunkóhun.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, bí wọ́n ṣe ti ìrun Jímọ́ọ̀ dé, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú láti àjà pálọ̀. Bàbá gbé garawa omi, ó fẹ́ dà á sókè.

"Baálé mi, ẹ má dà á!" Ìyá Sífáwù ti sáré dé ìdí súìsì, ó fà á wálẹ̀. Ìgbà yẹn ni àwọn ará àdúgbò tó wá da omi sí i. Àjà pálọ̀ jó, ṣùgbọ́n ilé kò jó, ẹnikẹ́ni kò sì fara pa.

Bàbá jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń wo àjà tó jó. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́, kò rán ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù Sàlámátù, lójú gbogbo ayé. Ó ní, "Sàlámátù, òótọ́ lo sọ fún mi, agídí ni mo fi dá ọ lóhùn. Má bínú. Wá bá mi tún ilé bàbá mi ṣe."

Sàlámátù kò sọ pé "Ṣebí mo wí." Ohun tó sọ ni pé, "Bàbá, a dúpẹ́ pé ẹ wà láàyè."

Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ṣiṣẹ́ náà. Ó yọ gbogbo wáyà àtijọ́, ó fa tuntun, orí àjà ló sì gbà kọjá, kó má baà ba ọnà tí oníkòkó ọjọ́sí ṣe sára ògiri jẹ́. Nígbà tí Bàbá Múráínà rí i pé kò sí ìkankan tó bà jẹ́ nínú ọnà náà, ó fọwọ́ pa ògiri, omi bọ́ lójú rẹ̀. Kí ọdún tó parí, ilé àtijọ́ mẹ́rin mìíràn ládùúgbò náà ti ránṣẹ́ pe Sàlámátù.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí: ẹni tó bá ń tún ilé bàbá rẹ̀ ṣe ló ń bọ̀wọ̀ fún bàbá rẹ̀. Bí ẹ bá sì mọ iṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí owó pa òótọ́ mọ́ yín lẹ́nu. Àgbà tó bá gba òótọ́ lẹ́nu ọmọdé, iyì rẹ̀ kì í dín kù. Àwọn baba wa ló wí i: ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀.