Oorun Abẹ́ Iná Pupa

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀mùtí, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà rí. Oorun ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe oorun alẹ́ o, oorun ẹnu iṣẹ́ ni. Òun ló ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọpọlọ ní ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì tí mo ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún mọ́kànlélógún. Ọ̀gá Fọ́tò ni gbogbo wa ń pè é.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ là á yé yín. Bí rọpárọsẹ̀ bá dá ènìyàn dùbúlẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí iṣan nínú ọpọlọ, ó sì lè jẹ́ pé iṣan ló bẹ́. Òògùn kan wà tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ iṣan ló bẹ́, òògùn yẹn gan-an lè pa aláìsàn. Ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n, àfi fọ́tò. Bí wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ bá sì ti kọjá lórí àìsàn náà, a kì í fún ènìyàn ní òògùn ọ̀hún mọ́. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko.

Yàrá ẹ̀rọ yẹn tutù ju gbogbo yàrá yòókù lọ. Ẹ̀rọ ńlá funfun, tó rí roboto bí òrùka, á máa kùn jẹ́jẹ́, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ á sì rọ̀ bíi ti ìdájí. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ lọ́sàn-án á gbàgbé pé oòrùn ń ràn níta. Ìlẹ̀kùn rẹ̀ nípọn débi pé ariwo kì í wọlé. Iná pupa kan wà lókè rẹ̀. Bó bá ń tàn, ìtànṣán ẹ̀rọ tó lè ṣe ara ní jàǹbá ló ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọlé, ọ̀gá àgbà pàápàá ò tó bẹ́ẹ̀. Kí ni Ọ̀gá Fọ́tò wá ń ṣe? Bí kò bá ti sí aláìsàn, á tan iná pupa, á yọ okùn tẹlifóònù, á gun orí ibùsùn ẹ̀rọ, ó di fọnfọn.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ọ̀gá, ojú yín wú o. Ṣé kò sí?"

Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ ni o. Ẹ̀rọ yìí ò jẹ́ kí n mí."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Èmi òmùgọ̀ tún lọ po tíì fún un!

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n gbé obìnrin aránṣọ kan dé. Oníbàárà rẹ̀ ló gbé e wá. "Aago mẹ́sàn-án ló ń wọ̀n mí lọ́wọ́ tí téèpù já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀," ni oníbàárà wí. "Ẹnu rẹ̀ wọ́. Ó ní kí n jẹ́ kí òun sinmi díẹ̀, pé ó máa lọ."

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ṣì kù lẹ́nu obìnrin náà. Ó wo dókítà, ó ní, "Ọwọ́ mi. Ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ mi lọ. Òun ni mo fi ń jẹun."

"Màmá, ó ṣì ku ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta," ni dókítà dáhùn. "Ẹ gbé e lọ ya fọ́tò, kíá!"

A ti ibùsùn rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Iná pupa ń tàn.

A kan ìlẹ̀kùn títí. A pe tẹlifóònù, kò wọlé. A gbà pé aláìsàn mìíràn ló wà nínú, ta ló máa lọ ṣílẹ̀kùn lórí ìtànṣán? A dúró. Ọ̀nà náà dákẹ́ rọ́rọ́. Iná yẹn ń pọ́n sí ojú obìnrin náà, ó ń wò ó bí ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ jìn, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì ń dín kù díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀gá Fọ́tò ń lálàá ní tirẹ̀. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní òun rí omi kan tó tẹ́ lọ rẹrẹ, tí kò rú, tí kò gbò. Ẹ̀gbọ́n òun obìnrin dúró ní òdìkejì, ó ń la ẹnu, ohùn ò jáde. Òun juwọ́ sí i, òun ní, "Ẹ dúró, Àǹtí, mò ń bọ̀." Ó dùn mọ́ òun láti máa wò ó.

Nígbà tó yá, ara fu mí. Mo sáré lọ wo ìwé tí a ń kọ orúkọ aláìsàn sí. A ò rán ẹnikẹ́ni lọ ya fọ́tò láti àárọ̀ ọjọ́ náà! Mo padà, mo ti ìlẹ̀kùn wọlé. Ọ̀gá Fọ́tò nà gbalaja lórí ibùsùn ẹ̀rọ, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo gbá a lẹ́sẹ̀.

Ó fò sókè. "Kí ló dé? Ẹ ò rí iná ni?"

A ti aránṣọ wọlé. Ọ̀gá Fọ́tò wo ojú rẹ̀, ó ké, "Yéè! Àǹtí mi! Àǹtí mi rèé!"

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, tó fi ìránṣọ tọ́ ọ látìgbà tí òbí wọn ti kú, tó sì fi rán an nílé ìwé títí ó fi mọ ẹ̀rọ yẹn lò. Ọ̀gá Fọ́tò ya fọ́tò náà. Kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

"Ẹ̀jẹ̀ dídì ni," ni dókítà wí. "Òògùn rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Ṣùgbọ́n aago méjì ti fẹ́ lù."

Ọ̀gá Fọ́tò kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un!"

"Bí mo bá fún un báyìí, àfàìmọ̀ kó má pa á."

Wọ́n lé Ọ̀gá Fọ́tò kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò kú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò gbéra mọ́, ohùn rẹ̀ kò sì padà. Àbúrò rẹ̀ ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Nígbà tí mo lọ kí wọn, mo bá Ọ̀gá Fọ́tò lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní kó kúkú bú òun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò lè bú u. Ó ní kó dárí ji òun, kò lè sọ bóyá òun dárí jì í. Ó kàn ń wò ó ni.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí kò fara sin. Ẹni tí wọ́n bá fi ṣọ́ ìlẹ̀kùn ìwòsàn, kó má fi ìlẹ̀kùn náà bo ìmẹ́lẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, torí kò mọ ẹni tó ń dúró níta. Ẹ̀yin tó kù náà, bí ẹnu ènìyàn yín bá wọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já gaara mọ́, ẹ má jẹ́ kó sọ pé òun fẹ́ sinmi. Ẹ gbé e dìde kíákíá. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, kò sì sí ilé ìwòsàn tó ní òògùn rẹ̀.