Ògiri tí Fàòsíyà Fẹ́ Tà

Ògiri kan wà nínú gíláàsì, gbogbo èèyàn ń yà á ní fọ́tò.

Ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ sí i lára: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE FÚN TÍTÀ.

Ilé ọ̀hún ti wó. Fàòsíyà ló wó o.

Òun ló jogún gbogbo ilé bàbá ẹ̀, òun ni ọ̀gá kọ́ńpìnnì bàbá ẹ̀ báyìí. Gbogbo ayàwòrán Abẹ́òkúta ló ń jẹun lọ́wọ́ ẹ̀. Ojú ilẹ̀ yẹn gan-an, ní Ìjemọ̀, ló kọ́ ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà yìí sí. Ó fi orúkọ bàbá ẹ̀ sókè, ó tóbi ju ẹnu ọ̀nà lọ.

Ọkùnrin kan láti Èkó bèèrè pé, "Ṣé fún títà ni?"

"Kí ni kì í ṣe fún títà láyé?" Fàòsíyà ò rẹ́rìn-ín.

Ìyá Àfúsá, ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀, gbórí sókè. "Má tà á, Fàòsíyà. Nínú ìkọ̀wé àbúrò mi, èyí nìkan ló kù láyé."

"Màmá, ẹ máa mu mínírà yín."

Ọkùnrin náà sún mọ́ gíláàsì. "Bàbá gbọ́n o, gbájúẹ̀ pọ̀ nígboro. Ṣùgbọ́n kí ni ìṣó tí àjákù kàlẹ́ńdà ṣì wà lára ẹ̀ yìí ń ṣe lára ògiri ìta?"



"Ta ló sọ pé ògiri ìta ni?" Ìyá Àfúsá ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ìta làwọn èèyàn ń kọ tiwọn sí, nítorí gbájúẹ̀. Pálọ̀ ni àbúrò mi kọ tiẹ̀ sí. Ìkọ̀wé náà kọjú sí àga tí Fàòsíyà yìí máa ń jókòó sí tó bá wá kí i."

Fàòsíyà ní kí wọ́n dì í dáadáa, kó má fọ́ lọ́nà Èkó.