Ìwé Dókítà Eyín

Ìwé kan ṣoṣo ló kù kí wọ́n tó lè la àyà Abdulmumini. Gbogbo ìwé yòókù ti pé nínú báàgì Rokibat, ìyá rẹ̀: ti ẹ̀jẹ̀, ti ìtọ̀, ti fọ́tò àyà. Èyí tó kù ni ti dókítà eyín, tí yóò fi hàn pé ẹnu ọmọ náà mọ́.

Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Abdulmumini. Ibà kan tó ṣe é ní kékeré ló ba ilẹ̀kùn inú ọkàn rẹ̀ jẹ́. Ilé kéú kan ní àdúgbò Adéwọlé ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà ààwẹ̀ tó kọjá ni kò ti lè rìn dé ibẹ̀ láìjókòó lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ọkàn ń bọ̀ láti òkè òkun fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Ènìyàn mẹ́jọ ni wọ́n máa ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, òun sì ni ẹnì keje. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá pé, àyè rẹ̀ di ti ẹlòmíì, ó di àmọ́dún. Dókítà ọkàn ti wo Rokibat lójú, ó ní òun ò rò pé ọmọ náà á rí àmọ́dún.

Rokibat ló máa ń bu omi fún un láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan, Abdulmumini na orín tó fi ń rin eyín sí i.

“Ìyá, ó tún ti ṣẹ̀jẹ̀.”

“Fi omi iyọ̀ yọ ẹnu. Orín yẹn ló le. Ẹnu tó ti ń ké Kùránì láti ọmọ ọdún mẹ́rin, kí ló fẹ́ ṣe é?”

“Eyín ọ̀hún ń mì.”

“Tèmi náà ń mì. Ṣé mo ti kú ni?”

Abdulmumini rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ikọ́, ó sì wá àpótí jókòó lé.

Ní ọjọ́ Àìkú, àbúrò rẹ̀, Abdulmateen, wá kí wọn láti Òkè-Oyí níbi tó ti ń dáko. Iṣu mẹ́fà ló rù wọlé. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tòkè-tilẹ̀.

“Áfáà, ṣé wọ́n ń tọ́jú yín ni àbí wọ́n ń sá yín bí èlùbọ́?”

“Jẹ́ kí wọ́n tún mi ṣe tán ná. A ó jọ kọ ebè, wàá gbọ́n.”

Rokibat gún iyán fún wọn. Ó ní kí Abdulmateen má tíì padà lọ́jọ́ náà, pé òun níṣẹ́ tí òun fẹ́ bẹ̀ ẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Rokibat àti ọmọ rẹ̀ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí àdúgbò Fate. Dókítà eyín wà ní Adéwọlé, kò tilẹ̀ jìnnà sílé wọn, ṣùgbọ́n Rokibat ní ti Fate ló dára jù. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ibẹ̀ wà. Nígbà tí Rokibat fi máa gun àtẹ̀gùn dé òkè, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọmọ rẹ̀ ti bá a gba àga sílẹ̀.

“Abdulmumini Hámzàt!” Nọ́ọ̀sì pè é, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún un pè.

Rokibat fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. “Ìwọ ni wọ́n ń pè.”

Olúdáre ni orúkọ dókítà náà, ará Ọ̀mù-Àrán ni, aláwàdà sì ni. Ó tan iná sí ẹnu ọmọ náà, ó wò ó yíká, ó fi irin tẹ erìgì rẹ̀ níbì kan níbì kan.

“Háà! Ẹnu rèé. Bí gbogbo ayé bá ní irú eléyìí, ebi ni ì bá pa wá. Oògùn ọkàn wo lò ń lò?”

Rokibat ti ka oògùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán kí ọmọ tó la ẹnu.

“Ìyá, ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ. Ṣé ẹ ò tíì já a lẹ́nu ọmú ni?”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Rokibat kò rín.

“Dókítà, kí ló da eyín pọ̀ mọ́ ọkàn?”

“Ẹ̀jẹ̀ ni, Ìyá. Erìgì tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ojú egbò ni. Kòkòrò inú ẹnu á gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀, á sì lọ bà sára ilẹ̀kùn tuntun tí wọ́n bá fi sínú ọkàn. Ó lè pààyàn.”

“Tó bá jẹ́ pé díẹ̀ ló ń ṣẹ̀jẹ̀ ńkọ́?”

“A ó kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ ná, bí oṣù kan àbọ̀. Ṣùgbọ́n kò kan ọmọ tiyín.”

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù sí iṣẹ́ abẹ náà. Rokibat gba ìwé, ó ká a sí méjì, ó dúpẹ́.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó sì yọrí sí rere. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Abdulmumini ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé kéú láìjókòó rárá. Rokibat ṣe sàárà, ó sì ra aṣọ fún un.

Ní oṣù kejì ni ibà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi gbé e padà sí ilé ìwòsàn, kò dá ìyá rẹ̀ mọ̀ mọ́. Dókítà ọkàn ní kòkòrò ti bà sára ilẹ̀kùn tuntun náà, irú èyí tó máa ń wá láti ẹnu. Ó tú ìwé wò, ó mi orí.

“Ẹnu rẹ̀ sì mọ́. Ìyá, ṣé ó yọ eyín kankan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni?”

“Rárá.”

Ó ní lọ́la òun á pe dókítà eyín wá wò ó. Abdulmumini kò dé ọ̀la.

Ẹ̀yìnkùlé ni àwọn ọkùnrin ti wẹ̀ ẹ́. Wọ́n ta aṣọ yí ibẹ̀ ká, Abdulmateen sì wà lára àwọn tó wẹ̀ ẹ́. Rokibat jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín àwọn obìnrin, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Gbogbo ẹni tó bá kí i ló ń dá lóhùn pé kádàrà ni.

Abdulmateen jáde wá, omi ń kán lápá aṣọ rẹ̀, ó lóṣòó ti Rokibat, ó sì fẹnu sí i létí: “Ìyá, èmi ni mo fọ ẹnu Áfáà, mo rí erìgì rẹ̀, ṣé ìdí nìyí tí ẹ fi ní kí n lọ jókòó sórí àga dókítà eyín ní Fate, kí n máa jẹ́ orúkọ rẹ̀, tí ẹ ní torí pé kò lè gun àtẹ̀gùn ni?”